Hạ Long: Ìtàn Àpáta, Ihò àti Abúlé Orí Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire. Orílẹ̀-èdè Vietnam ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní etí òkun tí ó wà ní àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ibẹ̀, ní ọdún 2009 àti ní ọdún 2019. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nígbà kìíní kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà kejì, mo sì ní ìpín tèmi nínú àdánù náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Orúkọ náà àti ohùn rẹ̀

Hạ Long ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àmì tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà a yẹn dáadáa. Ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá yóò kọ́kọ́ rò pé irú èyí tí à ń fi sí abẹ́ ẹ àti ọ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àmì ìsàlẹ̀ ń yí fáwẹ̀lì padà ni: e di ẹ, o di ọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohùn ni ó ń tọ́ka sí, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wúwo tí ó sì gé kúrú. Ohùn mẹ́fà ni àkọtọ́ èdè Vietnam ń fi hàn. Mẹ́ta ni tiwa. Bí a ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé igba tí à ń kà kì í ṣe igbá tí a fi ń bu omi, kì í ṣe ìgbà tí ó ń lọ, kì í sì í ṣe igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń kọ́ ọmọ wọn pé ma ni iwin, má ni ìyá, mà ni ṣùgbọ́n, mả ni ibojì, mã ni ẹṣin, mạ sì ni ọ̀dọ́ ìrẹsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ́ sí oko.

Àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Látìnì kọ èdè méjèèjì. Ìwé atúmọ̀ èdè Vietnam tí Alexandre de Rhodes ṣe jáde ní Róòmù ní ọdún 1651. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Bí a bá mọ èyí, àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ tí ó kún inú ìwé wọn kò ní í dẹ́rù bà wá mọ́.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ni «drágónì sọ̀ kalẹ̀». Kì í ṣe drágónì burúkú inú Bíbélì ni wọ́n ní lọ́kàn o. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀dá rere ni drágónì, alábòójútó omi àti òjò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé nígbà kan tí ọ̀tá gba ojú òkun wá láti gbógun ti ilẹ̀ náà, Ọba Ọ̀run rán ìyá drágónì àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n ń tu òkúta iyebíye jáde lẹ́nu, òkúta náà ń bọ́ sínú omi, ó ń di erékùṣù, ọkọ̀ àwọn ọ̀tá sì ń kọlù wọ́n, wọ́n ń fọ́. Nígbà tí ogun parí, ibẹ̀ wu ìyá àti ọmọ, wọn kò padà sí ọ̀run mọ́. Ibi tí ìyá sọ̀ sí ni Hạ Long. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń forí balẹ̀ fún un ni Bái Tử Long tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ọmọ ìtàn gbọ́dọ̀ béèrè ọdún. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe àgbègbè náà nínú àwọn ìwé àtijọ́, bí i Lục Châu àti An Bang. Àwọn òpìtàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni orúkọ Hạ Long ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn, lórí máàpù ojú omi àwọn Faransé.

Bí àpáta ṣe dé inú omi

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ náà ní ìtàn tiwọn. Òkúta ẹfun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn erékùṣù náà, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti dì, láti ara ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi, ní ohun tí ó lé ní 250 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ gbé e sókè. Òjò tí ó ń rọ̀ sórí rẹ̀ ní ìkan díẹ̀ nínú, omi yìí sì ń jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀. Ó gba ojú sán-án wọlé, ó gbẹ́ ihò, ó gé òkè sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí yìnyín ayé àtijọ́ yọ́ tí omi òkun sì ru sókè, ó kún wọ inú àwọn àfonífojì, orí òkè nìkan ni ó sì ṣẹ́kù lókè omi. Erékùṣù 1,969 ni wọ́n kà níbẹ̀, lórí omi tí ó fẹ̀ tó 1,553 kìlómítà níbùú lóròó.

Nítorí náà, ilẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀ ni Hạ Long. Àwọn ènìyàn ti ń gbé inú ihò rẹ̀ kí òkun tó dé. Àwọn awalẹ̀pìtàn ń pe àwọn ará ìgbà yẹn ní Soi Nhụ, orúkọ ihò kan tí wọ́n ti rí òkìtì ìkarahun ìgbín tí wọ́n jẹ. Ní ọdún 1938, Madeleine Colani, obìnrin ará Faransé, kọ́kọ́ rí ibùdó Cái Bèo ní erékùṣù Cát Bà, níbi tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ti ń pẹja. Ìran apẹja ti pẹ́ níbẹ̀ ju ìran ọba lọ.

Ìrìn-àjò ti ọdún 2009

Wákàtí mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì fi gbé wa láti Hanoi dé èbúté Bãi Cháy. Ọkọ̀ onígi, aláwọ̀ igi, ni a wọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe amọ̀nà wa. Ohun tí ó kọ́kọ́ fà mí mọ́ ọn ni bí ó ṣe ń pe ènìyàn. Èmi ni ó ń pè ní anh, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ara rẹ̀ ni ó ń pè ní em, àbúrò. Bí ó bá ń bá arúgbó obìnrin sọ̀rọ̀, yóò pè é ní bà, ìyá àgbà, òun alára yóò sì di cháu, ọmọ-ọmọ. Orúkọ ìbátan ni wọ́n ń lò níbi tí àwọn èdè mìíràn ti ń lo «èmi» àti «ìwọ». Mo sọ fún un pé àwa náà kì í pe àgbà lórúkọ, pé «ẹ» ni à ń lò fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa.»

A gun àtẹ̀gùn lọ sí ihò Sửng Sốt. Ìyanu ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ẹnu ihò náà há, ṣùgbọ́n bí a ti ń wọ inú lọ ni àjà ń ga sí i, títí a fi bọ́ sí gbàgede tí ó lè gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Omi ń kán tó, tó, tó. Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ń fi ẹfun díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó ti kán. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti ń gorí ara wọn, òkúta ń fa gùn láti òkè wá, òkúta ń hù láti ìsàlẹ̀ lọ, títí méjèèjì yóò fi pàdé di òpó.

Ihò tí mo fẹ́ràn jù ni Đầu Gỗ, nítorí ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni «orí igi». Ní ọdún 1288, ọmọ ogun Kublai Khan, ọba àwọn Mongol tí ó ti gba ilẹ̀ Ṣáínà, tún gbógun wọ Vietnam. Ìgbà kẹta nìyẹn. Ọ̀gágun Trần Khánh Dư ti kọ́kọ́ dá àwọn ọkọ̀ oúnjẹ wọn lọ́nà ní Vân Đồn, ó bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí ebi mú àwọn Mongol tí wọ́n fẹ́ sá gba odò Bạch Đằng jáde sí òkun, ọ̀gágun àgbà Trần Hưng Đạo ti ri òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó mọ́ ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tí omi kún, òpó náà kò hàn. Ọkọ̀ kéékèèké àwọn Vietnam ń sá, ọ̀tá ń lé wọn. Nígbà tí omi fà, ọkọ̀ ńláńlá wọ̀nyẹn há sórí òpó, wọn kò lè síwájú, wọn kò lè sẹ́yìn. Wọ́n mú Omar, olórí àwọn ọkọ̀ náà, láàyè. Ọgbọ́n yìí kò tuntun: Ngô Quyền ti lò ó nínú odò yẹn kan náà ní ọdún 938. Àwọn ará Hạ Long ní inú ihò Đầu Gỗ ni wọ́n kó igi òpó náà pamọ́ sí. Èmi kò rí igi kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti wú àwọn òpó kan jáde nínú ẹrẹ̀ nítòsí odò Bạch Đằng, wọ́n sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọgbọ́n apẹja ni ó ṣẹ́gun níbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí kò bá mọ wákàtí tí omi ń kún àti wákàtí tí ó ń fà kò lè ja irú ogun bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ wa ń bọ̀, amọ̀nà wa nawọ́ sí òkè kan ní Hòn Gai. Bài Thơ ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni òkè ewì. Ní ọdún 1468, Ọba Lê Thánh Tông gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀, ó ké ewì kan, ó sì ní kí wọ́n fín in sára àpáta. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn alágbára mìíràn náà fi àmì tiwọn sílẹ̀. Ní ọdún 1149, Ọba Lý Anh Tông dá èbúté ọjà sílẹ̀ ní Vân Đồn, níbi tí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ti ń gúnlẹ̀. Àwọn Faransé dé Hòn Gai ní ọdún 1883. Ní ọdún 1888 wọ́n dá iléeṣẹ́ tí ń wa èédú ilẹ̀ sílẹ̀, èédú sì dúdú lára etíkun náà di òní. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 1964, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hòn Gai. Wọ́n já ọ̀kan lulẹ̀ sínú omi yìí, wọ́n mú awakọ̀ rẹ̀, Everett Alvarez, ó sì lé ní ọdún mẹ́jọ kí ó tó padà sílé. Erékùṣù kan tilẹ̀ ń jẹ́ Ti Tốp, orúkọ Gherman Titov, ará Rọ́ṣíà tí ó rìnrìn-àjò sí òfuurufú, tí Hồ Chí Minh mú wá síbẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún 1994, UNESCO kọ Hạ Long mọ́ àwọn ogún àgbáyé; ní ọdún 2000 wọ́n tún kọ ọ́ nítorí àpáta rẹ̀; ní ọdún 2023 wọ́n fi Cát Bà kún un.

Ọba, ọ̀gágun, oníléeṣẹ́ èédú, arìnrìn-àjò òfuurufú: gbogbo wọn ni orúkọ wọn wà ní àkọsílẹ̀. Ta ni ó wá kọ ti àwọn tí ó ń gbé lórí omi náà?

Ìyá àgbà Cửa Vạn

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ wa dúró ní Cửa Vạn, abúlé kan tí ó léfòó láàárín àpáta. Orí àgbá àti fóòmù ni wọ́n kọ́ ilé pákó wọn lé. Ajá ń gbó lórí pèpéle, ẹja ń jà nínú àhámọ́ àwọ̀n lábẹ́ ilẹ̀ ilé. Ilé ẹ̀kọ́ wọn pàápàá ń léfòó. Ìran àwọn apẹja ìgbà àtijọ́ tí à ń pè ní Giang Võng àti Trúc Võng ni wọ́n, àwọn tí a bí sínú ọkọ̀, tí wọ́n gbé inú ọkọ̀, tí wọ́n sì gbéyàwó nínú ọkọ̀.

Ìyá arúgbó kan ni ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ọparun rẹ̀ gbé wa kiri. Bí ó ti ń wà á ni ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Mo ní kí amọ̀nà wa bi í ní orin tí ó ń kọ. Ó ní orin ìgbéyàwó ni. Ó ní bí òṣùpá bá kún, ẹja kì í wá sí ìmọ́lẹ̀ fìtílà, nítorí náà ìgbà yẹn ni àwọn máa ń ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ̀ ẹbí ọkọ yóò wá pàdé ọkọ̀ ẹbí ìyàwó lójú omi. Àwọn kan yóò kọrin béèrè, àwọn kejì yóò kọrin dáhùn, títí wọn yóò fi fún ọkọ ní ọ̀nà.

Ọkàn mi lọ sí ẹkún ìyàwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ fún mi kí n lè gbà á sílẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín.

«Ọmọ-ọmọ mi, sọ fún un pé orin náà gùn. Ilẹ̀ yóò ṣú kí n tó kọ ọ́ tán. Kí ó padà wá nígbà òṣùpá.»

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi wà nínú àpò ní ilé ìtura lórí ilẹ̀. Ó wúwo, n kò fẹ́ gbé e. Mo ní, «Ẹ ṣeun, ìyá àgbà. N óò padà wá.» Mo ya àwòrán wọn, mo sì lọ.

Ìrìn-àjò ti ọdún 2019

Ọdún mẹ́wàá ni mo tó padà. Ọ̀nà tuntun ti wà. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni a fi dé. Àwọn ọkọ̀ tí ó jẹ́ aláwọ̀ igi ti di funfun, nítorí ìjọba ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2012. Nígbà tí a dé Cửa Vạn, ilé díẹ̀ ni mo rí. Ní ọdún 2014, ìjọba ti kó àwọn ará abúlé orí omi lọ sí ilẹ̀ ní Hà Phong. Ìdílé tí wọ́n kó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń wa ọkọ̀ fún àlejò ní Cửa Vạn, iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe. Ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Mo mú àwòrán ìyá àgbà lọ sí Hà Phong. Àwọn ilé tò lọ ní ìlà. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n nawọ́, mo sì bá a níwájú ilé rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó rántí mi, tàbí kí ó jẹ́ pé ó fẹ́ fi inú rere hàn sí mi. Mo tẹ ẹ̀rọ mi. Ó kọrin fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́.

«Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ dúró?»

«Ibi tí tèmi mọ nìyí, ọmọ mi. Ìhà ìyàwó ni mo mọ̀. Ìhà ọkọ ni ó kàn láti dáhùn.»

«Ta ni ó mọ ìhà ọkọ?»

«Aládùúgbò mi, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ́ ọ.»

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé mi ṣe wà títí di òní. Mo kọ ohun tí wọ́n bi ọkọ, mo fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ọkọ fi dáhùn, àyè náà sì ṣófo. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé Vietnam ti gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò yẹn ṣe ń dá ìyá àgbà lóhùn, ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi mọ́. Ní ọdún 2009, ó ṣeé ṣe kí ilé rẹ̀ má jìnnà sí ọkọ̀ tí mo jókòó sí.

N kò wá láti bú ìjọba wọn. Ìdọ̀tí ń kún inú omi, ìjì líle sì máa ń jà ní àgbègbè náà. Nígbà tí ìjì Yagi dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó rì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, mo sì dúpẹ́ pé ilé tí ó dúró lórí ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ òun ń ka ìwé fún òun ní alaalẹ́. Ó ní òun ń sùn dáadáa bí ìjì bá ń jà. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun kì í gbọ́ omi mọ́ lóru. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó sọ, n kò sì rò pé ó yẹ kí n yan ọ̀kan nínú wọn fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Abúlé orí omi wà nítòsí wa: Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, Mákòókò ní Èkó, níbi tí ìjọba ti wó ọ̀pọ̀ ilé ní ọdún 2012. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Bí ilé bá ṣí, orin á ṣí. Bí aládùúgbò bá túká, ègbè á túká.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyá tí ó bí ìyá mi mọ ẹkún ìyàwó. Ọdọọdún ni mo ń sọ pé n óò gbà á sílẹ̀ bí mo bá ti gba ìsinmi. Wọ́n di ẹni àná kí ìsinmi náà tó dé. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n kí n tó dé Cửa Vạn, ṣùgbọ́n kò kọ́ mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà nínú fóònù yín báyìí, kò sì wúwo. Bí ẹ bá ní àgbà nílé tí ó mọ orin, oríkì tàbí àlọ́, ẹ lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe gba ohùn ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí ó máa ń gbè é fún wọn, kí ẹ sì pe ẹni náà jókòó pẹ̀lú wọn.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.